Má Wo Bọ́ọ̀lù, Ọmọ Mi Ni Kí O Wò

                                                  Ilé Onífèrèsé Búlúù,
                                                  Ẹ̀yìn Ilé-Iṣẹ́ Pákó.
                                                  Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹwàá.

Ẹnìkejì mi nídìí ayùn, ọ̀rẹ́ mi láti ìgbà èwe,

Mo kí ọ o. Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé orúnkún tó ń dùn ọ́ ti ń jẹ́ kí o dá dìde, àbí ọmọ rẹ obìnrin ló ṣì ń fà ọ́ sókè lórí àga bí ẹni ń fa gbòǹgbò igi? Ìyàwó rẹ ńkọ́? Ṣé ó ṣì ń bi ọ́ láàárọ̀ bóyá o sùn dáadáa, kí o tó jí tán? Má dá mi lóhùn lórí ìyẹn. Mo mọ̀ pé ó ṣì ń bi ọ́. Kó máa bi ọ́ lọ. Níbí, àga ìyá àwọn ọmọ mi ló kọjú sí mi láràárọ̀, àga kì í sì í béèrè nǹkan lọ́wọ́ èèyàn. Ara mi le. Eyín tó kù lẹ́nu mi ń ṣe iṣẹ́ àwọn tó ti lọ mọ́ tiwọn. Àwọn ọmọbìnrin mi tó wà nílé ọkọ ní kí n kí ọ, wọ́n ní wọn ò gbàgbé rẹ.

Aránṣọ tó gba yàrá iwájú lọ́wọ́ mi ló ń bá mi kọ èyí, torí o mọ̀ pé èmi àti ìwé kì í kí ara wa. Mo ti kìlọ̀ fún un pé bí mo bá ṣe sọ ọ́ ni kó kọ ọ́. A ò tíì rìn jìnnà tó fi ní, "Bàbá, ọ̀rọ̀ yìí le o, ẹ jẹ́ kí n fi oyin díẹ̀ sí i." Mo ní etí aṣọ ni kó máa ṣẹ́, kó má bá mi ṣẹ́ etí ọ̀rọ̀. Nítorí náà, ibi tí ó bá ti ta ọ́ lára, ẹnu mi ló ti wá, kì í ṣe ọwọ́ tirẹ̀.

Lẹ́tà rẹ dé. Òun náà ló kà á sí mi létí. O ní láti ìgbà tí ọmọ rẹ, tí gbogbo èèyàn ń pè ní Kì-í-tàsé, ti dé ẹgbẹ́ ńlá tó wà nílùú yín, bọ́ọ̀lù ò wọlé fún un mọ́. O ní orí bẹ́ǹṣì ló ń jókòó sí, aṣọ ìnura lọ́rùn, tó ń pàtẹ́wọ́ fún àwọn tó ń ṣeré. Nígbà tó ka ibẹ̀ yẹn, mo ní kó tún un kà. Kì í ṣe pé mi ò gbọ́. Ó wù mí láti tún un gbọ́ ni. Lẹ́yìn náà ló ka ibi tí o ti sọ pé kóòṣì wọn níbẹ̀ bi ọmọ rẹ pé ta ló máa ń lànà fún un níbi tó ti ń bọ̀, tó sì dárúkọ ọmọ mi. O wá ní kí n jẹ́ kí ọmọ mi máa bọ̀ lọ́dọ̀ yín, pé ẹgbẹ́ náà ti ṣe tán láti gbà á, "kó lè wá máa ran ọmọ wa lọ́wọ́." Níbẹ̀ ni mo ní kó gbé lẹ́tà náà sílẹ̀ ná. O tọrọ ọmọ mi lọ́wọ́ mi bí ẹni ń tọrọ àkàbà ará ilé kejì. Èèyàn á gun àkàbà tán, á dá a padà, kò sì sẹ́ni tó ń kí àkàbà pé o kú iṣẹ́.

Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Nítorí náà mo máa sọ tèmi: mò ń jowú rẹ. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń jowú rẹ, àmọ́ láti ìgbà tí ìyá àwọn ọmọ mi ti lọ, kò sí ẹni tó ń bá mi gbọ̀n ọ́n dànù mọ́. Òun ló máa ń sọ pé, "Bàbá Àbíkẹ́yìn, ó ti tún gùn yín o, ẹ lọ fi omi tútù bọ́jú." Ní báyìí mo ń fi omi tútù bọ́jú, ojú nìkan ló ń tutù.

Jẹ́ kí n to ọ̀rọ̀ náà fún ọ bó ṣe rí, torí ìròyìn ayọ̀ nìkan ló máa ń tọ̀ ọ́ wá níbi tí o wà. Ọjọ́ kan náà ni ọmọ rẹ àti ọmọ mi bẹ̀rẹ̀ bọ́ọ̀lù àjùsápẹ̀rẹ̀ yìí, lórí sìmẹ́ǹtì tó wà lẹ́yìn ilé-iṣẹ́ pákó. Nígbà tí ìwọ àti ìyàwó rẹ kó lọ bá ọmọbìnrin yín àgbà nílùú tí ẹ wà báyìí, ọmọ rẹ ní òun ò lè fi ẹgbẹ́ òun sílẹ̀, ó sì kó ẹrù rẹ̀ wá sọ́dọ̀ mi. Yàrá kan ni òun àti ọmọ mi ń sùn, abọ́ kan ni wọ́n fi ń jẹun. Mi ò fi ìyẹn ṣe ìrègún. Mo sọ ọ́ kí o lè mọ̀ pé inú ilé mi gan-an ni owú yìí ti hù. Àwọn èèyàn á wá kan ilẹ̀kùn mi, ọmọ mi á ṣí i fún wọn, wọ́n á ní, "Ẹ̀gbọ́n, Kì-í-tàsé wà nílé?" Wọ́n á gba ẹ̀gbẹ́ ọmọ onílé kọjá, wọ́n á lọ bọ àlejò lọ́wọ́. Ọmọ mi á sì rọra pa ilẹ̀kùn dé lẹ́yìn wọn.

Ọmọ mi ló kọ́kọ́ jẹ́ ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù, o lè ti gbàgbé. Kóòṣì tí wọ́n ní nígbà náà rí i pé ó ga, ó ní kó dúró sí ìkángun kó máa jù ú. Ọmọ mi jù ú, jù ú, ṣe ni bọ́ọ̀lù ń lu pátákó ẹ̀yìn apẹ̀rẹ̀ gbà-gbà bí ẹni ń kan ilẹ̀kùn ilé tí kò séèyàn. Orí bẹ́ǹṣì ló lo ọdún náà tán. Ó ti ń sọ pé òun máa bọ́ àwọn bàtà náà sílẹ̀, kí òun wá máa gbé pákó. Ìgbà yẹn ni kóòṣì tó wà níbẹ̀ báyìí dé, ọkùnrin kúkúrú kan tí fèrè kì í kúrò lọ́rùn rẹ̀, tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe fún oúnjẹ òòjọ́. Wọ́n ní ó kàn ń wò wọ́n ni, títí tó fi pe ọmọ mi.

Ó ní, "Ta ló kọ́ ọ láti dúró báyẹn, tí wọ́n ń tì ọ́ tí o ò kúrò?"

Ọmọ mi ní, "Kò sẹ́ni tó kọ́ mi, sà."

Ó ní, "Kí ẹnikẹ́ni má wá gbà á lọ́wọ́ ẹ."

Bó ṣe gba bọ́ọ̀lù jíjù lọ́wọ́ ọmọ mi nìyẹn. Ó gbé e lọ sí ìdí apẹ̀rẹ̀. Ó ní iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa lọ dúró bí ògiri síwájú ẹni tó bá ń lé ọmọ rẹ, kí ọmọ rẹ lè ráyè jù, kó sì máa ká bọ́ọ̀lù tó bá tàsé nínú afẹ́fẹ́ kí àwọn alátakò tó ká a. Ọmọ tìrẹ, tí kò fẹ́ kí ara kan ara òun rárá, tó máa ń yẹra bí ológbò tó rí omi, ó ní kó lọ sí ìkángun, kó sinmi ọwọ́ rẹ̀, kó máa dúró de bọ́ọ̀lù. Láti ọjọ́ yẹn ni ẹgbẹ́ wọn ti ń borí. Láti ọjọ́ yẹn náà ni wọ́n ti sọ ọmọ rẹ ní Kì-í-tàsé, tí wọ́n sì sọ ọmọ mi ní Ògiri. Mo bínú sí orúkọ náà. Ta ló ń kí ògiri? Èèyàn kàn ń fi ẹ̀yìn tì í ni. Aládùúgbò mi kan, aláwàdà burúkú, wá ń pa á lówe fún mi pé bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ ibẹ̀. Mo ní kó gbé aláǹgbá rẹ̀ lọ sílé.

Ìyá rẹ̀ ló máa ń lọ wo wọ́n nígbà ayé rẹ̀. Èmi ò lọ. Kí ni mo fẹ́ lọ wò nínú apẹ̀rẹ̀ tí kò nídìí? Tí wọ́n bá ti dé, ìyá rẹ̀ á gbé omi gbígbóná kalẹ̀, á máa fi aṣọ jó ìhà ọmọ mi níbi tí ìgúnpá àwọn èèyàn ti wọlé sí i lára. Ọmọ tìrẹ á jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan, ara rẹ̀ á máa dán, kò ní ojú ọgbẹ́ kankan. Mo bi ọmọ mi lọ́jọ́ kan pé mélòó ló jù wọlé.

Ó ní, "Mi ò ju ìkankan, Bàbá. Àmọ́ a borí."

Mo ní, "Àwa wo?"

Ìyá rẹ̀ wò mí. Ó kàn tún aṣọ náà rì bọ omi.

Lẹ́yìn náà ló kú. Mi ò ní sọ̀rọ̀ lórí ìyẹn. O wá, o rí i, o bá wa gbé e.

Nígbà tó ṣe díẹ̀, ọmọ mi sọ fún mi pé ibi tí Mọ́mì máa ń jókòó sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó, kò sẹ́ni tó ń jókòó síbẹ̀, pé àwọn èèyàn ń yẹra fún un. Bó ṣe sọ ọ́ nìyẹn, kò ní kí n wá. Mo wọ bàtà, mo lọ. Mo jókòó síbẹ̀ títí ìdí fi ń ta mí. Ọmọ rẹ ju bọ́ọ̀lù wọlé, gbogbo èèyàn pariwo. Ó tún jù ú, wọ́n tún pariwo, obìnrin kan tó wà lẹ́yìn mi fi ọwọ́ lu èjìká mi bíi pé èmi ni mo bí i. Mo ń wá ọmọ mi, mi ò rí i. Nígbà tí wọ́n délé, mo ní, "Kóòṣì yín yìí kò ṣe é re o. Ó jẹ́ kí n jókòó sínú oòrùn lásán, kò fi ọ́ sí i."

Ọmọ mi wò mí. Ó ní, "Bàbá, mi ò kúrò lórí pápá láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin."

Ọmọ rẹ ń mu omi lọ́wọ́, ẹ̀rín mú un títí omi fi gba imú rẹ̀ jáde. Ọmọ mi ò rẹ́rìn-ín. Ó wọlé lọ, ó lọ gbé omi gbígbóná fún ara rẹ̀.

Mo tọ kóòṣì náà lọ ní ṣọ́ọ̀bù tó ti ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe. Ó ń yí táyà kan lójú afẹ́fẹ́, ó ń wò ó bóyá ó wọ́. Mi ò kí i. Mo ní, "Kí lọmọ mi ṣe fún ọ?"

Ó ní, "Ẹ káàárọ̀, Bàbá. Kí lẹ wò lánàá?"

Mo ní, "Bọ́ọ̀lù ni mo wò. Kí lèèyàn ń wò níbi bọ́ọ̀lù?"

Ó ní, "Ẹ̀yin àti gbogbo àdúgbò ni. Bí ẹ bá tún wá, ẹ má wo bọ́ọ̀lù. Ọmọ yín ni kí ẹ máa wò. Bí bọ́ọ̀lù bá tiẹ̀ gba iwájú imú yín kọjá, ẹ jẹ́ kó máa lọ. Bí ẹ bá wò ó tán tí ẹ ṣì ní kí n pààrọ̀ wọn, kí Ògiri máa jù ú, kí Kì-í-tàsé máa dí wọn lọ́nà, mo máa pààrọ̀ wọn. Mo búra fún yín."

Mo padà lọ. Mo ṣe bó ṣe wí, kò sì rọrùn, torí ojú èèyàn máa ń fẹ́ bá ohun tó ń fò lọ. Ṣe ni mo ń fà á padà bí ẹni ń fa ewúrẹ́. Ohun tí mo rí nìyí. Ọmọ mi kì í dákẹ́. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ló ti ń pariwo sí àwọn tó kù: bọ́ sọ́tùn-ún, ẹnì kan ń bọ̀ lẹ́yìn ẹ, padà, padà. Ẹni tó ń lé ọmọ rẹ á máa sáré bọ̀, ojú rẹ̀ á wà lára ọmọ rẹ, á wá bá àyà ọmọ mi pàdé lójijì. Ọmọ mi ò ní tì í, kò ní mì. Àyè tó máa ṣí sílẹ̀ nígbà náà, o lè gbé ilẹ̀kùn àti férémù rẹ̀ gba ibẹ̀ kọjá. Inú àyè yẹn ni ọmọ rẹ máa ń dúró sí tó fi ń jù ú. Bí wọ́n ṣe ń pariwo, ọmọ mi ti sá dé ìdí apẹ̀rẹ̀, ó ti fi ìdí ti ọkùnrin sìgbọnlẹ̀ kan kúrò níbẹ̀, bóyá bọ́ọ̀lù náà lè má wọlé. Tí kò bá wọlé, òun ló máa já a gbà lókè, ta ló sì máa gbé e fún? Ọmọ rẹ náà ni. Á tún un jù, á wọlé, wọ́n á ní kì í tàsé. Ọ̀rẹ́ mi, irọ́ ni. Ọmọ rẹ máa ń tàsé. Ọmọ mi ló máa ń gbé àṣìṣe rẹ̀ nílẹ̀ kí ojú ẹnikẹ́ni tó tó o.

Nígbà tí wọ́n fọn fèrè tán, gbogbo èèyàn sáré lọ gbé ọmọ rẹ sókè. Kóòṣì nìkan ló gba ọ̀nà kejì. Ó dé ọ̀dọ̀ ọmọ mi tó dáwọ́ lé orúnkún, tó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ó fi ọwọ́ kàn án lẹ́yìn ọrùn, ó kọjá lọ.

O lè máa rò pé owú mi tán níbẹ̀. Ibẹ̀ ló ti wá jinlẹ̀. Tẹ́lẹ̀, mò ń jowú torí mo rò pé ọmọ mi ò rí nǹkan kan ṣe. Ní báyìí mo mọ ohun tó ń ṣe, mo sì mọ ẹni tí wọ́n ń kí nítorí rẹ̀. Mi ò sì lè ní kí kóòṣì pààrọ̀ wọn mọ́. Ẹni tó bá mọ igi kì í fi òpó ilé gbẹ́ ṣíbí. Ọkùnrin yẹn wo àwọn ọmọ méjì, ó rí ohun tí Ọlọ́run fi sí ọwọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan, ó sì fi kálukú síbi tó ti máa wúlò. Ó tọ́. Títọ́ tó tọ́ yẹn gan-an ló ń bí mi nínú.

Ìwọ mọ ìdí. Ṣé o rántí ọ̀gá wa, bó ṣe wo èmi àtìwọ lọ́jọ́ tí a dé ibi tí wọ́n ti ń la pákó? Gẹdú wà lórí kòtò, ayùn gígùn wà lára ògiri. Ó ní ìwọ lójú tó lè tẹ̀lé ìlà èédú, kí o gun òkè. Ó ní èmi ní ẹ̀yìn, kí n bọ́ sínú kòtò. Gbogbo ìgbà tí a fi ṣe iṣẹ́ yẹn, ìwọ lo wà lókè tí o ń darí ayùn, èmi ni mo wà nísàlẹ̀ tí mò ń fà á. Ìyẹ̀fun igi ń dà sí mi lójú, sí mi nímú, sí mi lọ́rùn. Àwọn tó wá ra pákó á dúró lókè, wọ́n á ní, "Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́ o, ìlà yìí mà gún o." Ìwọ á rẹ́rìn-ín. Tí n bá gòkè wá ní ọ̀sán, ara mi á funfun bí iwin, àwọn ọmọdé á sá. Mi ò rántí ọjọ́ kan tí o sọ fún wọn pé ẹnì kan wà nísàlẹ̀. O lè má ronú kàn án. Ẹni tó wà lókè, ìlà ló ń wò.

Ẹnì kan ṣoṣo ló máa ń kọ́kọ́ bojú wo inú kòtò. Ọmọbìnrin tó ń gbé omi wá fún wa. Á gbé omi náà sọ̀kalẹ̀, á tẹ̀ síwájú, á ní, "Ará ìsàlẹ̀, ẹ kú iṣẹ́ o," kó tó yíjú sí ìwọ. Ìwọ tún ń gé igi sétí kòtò fún un láti jókòó, o ń rẹ́rìn-ín sí i, o rò pé torí tìrẹ ló ṣe ń fọ ike omi rẹ̀ mọ́. Torí kíkí yẹn ni mo ṣe fẹ́ ẹ. Ohun kan ṣoṣo tí mo fi jù ọ́ láyé yìí nìyẹn, ikú sì ti mú un lọ, ó fi tìrẹ sílẹ̀ fún ọ. Má jẹ́ kí aránṣọ yìí tàn ọ́, ojú mi gbẹ. Òun ló ń fọn ikun imú.

Mo tún padà sórí ọ̀rọ̀ wa. Ọkùnrin tó wá láti ẹgbẹ́ ńlá yín jókòó, ó wo eré kan, ó mú ọmọ rẹ, ó lọ. Bọ́ọ̀lù lòun náà wò. O fi fọ́tò ránṣẹ́, ọmọ rẹ nínú ẹ̀wù tuntun, ìwọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, eyín yín síta. Mo fi í dojú bolẹ̀ lórí tábìlì. Kóòṣì wa gbé ọmọ mìíràn sí ìkángun tí ọmọ rẹ ń dúró sí, ọmọ kan báyìí tí ẹnikẹ́ni ò kà sí, tó máa ń gbé àpò àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Kò pẹ́ tí bọ́ọ̀lù fi ń wọlé fún òun náà. Wọ́n ti fún un lórúkọ báyìí, wọ́n ní Òkò. Mo rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ tí mo gbọ́ ọ. Ọmọ mi ń sọ ẹni tó bá dúró lẹ́yìn rẹ̀ di olórúkọ, òun fúnra rẹ̀ ṣì ń jẹ́ Ògiri. Ẹ̀yin lọ́hùn-ún wá fi ọmọ rẹ sí àárín àwọn ọkùnrin gìrìpá, ẹ ní kó gbé bọ́ọ̀lù kó dá la ọ̀nà fún ara rẹ̀. Ta ló ní kó ṣe bẹ́ẹ̀? Ọmọ yẹn ò dá la ọ̀nà rí. Kò burú, kò ya ọ̀lẹ. Wọ́n kàn gbé e síbi tí kì í ṣe tirẹ̀ ni, bí wọ́n ṣe gbé ọmọ mi nígbà kan. Bí ọ̀gá wa bá ti ju ìwọ sínú kòtò, o ò ní lo ọ̀sẹ̀ kan níbẹ̀.

Mo pinnu pé mi ò ní jẹ́ kó lọ. Mo fẹ́ kí o mọ̀ pé mo pinnu bẹ́ẹ̀. Òun nìkan ló kù nínú ilé pẹ̀lú mi. Ìwọ ní ìyàwó, o ní ọmọbìnrin lọ́dọ̀, o ní ọmọkùnrin, o tún wá ń na ọwọ́ sí ẹnì kan tí mo ní. Àjọjẹ ò dùn bí ẹnì kan ò bá ní. Mo pe ọmọ mi, mo sọ ohun tí o kọ fún un. Ó ń fọ ẹ̀wù eré rẹ̀ nínú báàfù.

Mo ní, "Wọ́n ní kí o wá máa ran ọmọ wọn lọ́wọ́."

Ó ní, "Mo ti gbọ́. Kóòṣì ti bá kóòṣì wọn sọ̀rọ̀. Ó sọ fún un pé bó bá ń wá àkàbà, kó lọ sọ́jà, àmọ́ bó bá ń wá ẹni tó máa mú kí gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ dúró, kó ránṣẹ́ sí mi. Ọkùnrin yẹn ní ẹni tó ń dúró lòun ń wá."

Mo ní, "Ìwọ ńkọ́? Ṣé o ò fẹ́ kí wọ́n pariwo orúkọ tìẹ rí?"

Ó fún omi kúrò lára ẹ̀wù náà. Ó ní, "Tí ó bá jù ú wọlé, mo mọ ohun tí mo ṣe. Òun náà mọ̀ ọ́n, Bàbá. Ẹ̀yin lẹ rò pé kò mọ̀." Lẹ́yìn náà ló ní, "Ṣé ẹ ò ní dá nìkan wà jù?"

Mo ní ṣé èmi àti òun ń sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀ ni? Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó fẹ́ lọ. Mo rí i lára ọ̀nà tó gbà sá ẹ̀wù yẹn, tó na apá rẹ̀ gbọọrọ lórí okùn bí ẹni tó ń wọn ibi tó máa bá a mu. Àmọ́ kò ní lọ tí n kò bá lóhùn sí i. Ìyá rẹ̀ ló tọ́ ọ bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà ó ń bọ̀. Jẹ́ kí ìyàwó rẹ mọ̀ pé ìhà òsì ló máa ń dùn ún jù, kí omi náà gbóná dáadáa, kó má fi ọwọ́ fúyẹ́fúyẹ́ jó o. Bó bá pè é ní Mọ́mì, kó dá a lóhùn. Èmi á jowú ìyẹn níbí, iṣẹ́ mi nìyẹn. Má sì jẹ́ kí n gbọ́ pé o pè é ní olùrànlọ́wọ́ ọmọ rẹ níwájú ẹnikẹ́ni.

Ohun tí mo fẹ́ gbà dípò rẹ̀ nìyí. Bí wọ́n bá ń ṣeré, kí o lọ. Gbé orúnkún rẹ lọ. Má wo bọ́ọ̀lù. Má wo ọmọ rẹ. Ọmọ mi ni kí o máa wò láti ìgbà tí wọ́n bá fọn fèrè títí wọ́n fi máa parí, kí o sì kọ ohun tí o rí ránṣẹ́ sí mi. Mi ò fẹ́ gbọ́ mélòó tí Kì-í-tàsé jù, rédíò á sọ ìyẹn fún mi. Tí o bá kọ ọ́ pé "ó gbìyànjú," mo máa mọ̀ pé bọ́ọ̀lù lo wò. Nǹkan kékeré kan wà tó máa ń ṣe kó tó lọ dúró síwájú ẹni. Ìyá rẹ̀ ló kọ́kọ́ rí i, ó sọ ọ́ fún mi, mi ò kà á sí. Èmi náà ti wá rí i. Mi ò ní sọ ọ́ fún ọ. Wá a fúnra rẹ. Ó máa pẹ́ kí o tó rí i, torí ẹni òkè ni ọ́, ìlà ni ojú rẹ mọ̀. Àmọ́ ọjọ́ tí o bá rí i, kọ ọ́ wá kíá. Ọjọ́ yẹn ni mo tó máa gbà pé o bojú wo inú kòtò.

Kí ìyàwó rẹ fún mi. Kí ọmọ rẹ obìnrin àti àwọn ọmọ rẹ̀. Kí Kì-í-tàsé náà, sọ fún un pé bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ṣì wà bó ṣe fi í sílẹ̀, àti pé tí Ògiri bá dé, kó dìde lórí bẹ́ǹṣì yẹn. Aránṣọ ní kí n kí ọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò mọ̀ ọ́. Mo ti ní kó ka gbogbo rẹ̀ fún mi padà, mi ò rí oyin níbẹ̀. Mo tẹ ìka mi sí i.

Èmi ṣì ni ẹnìkejì rẹ, ará ìsàlẹ̀ ayùn,

Bàbá Ògiri.